Igi Páìnì Orí Yàrá Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú, kò lè bá mi jiyàn mọ́. Títí ó fi kú ló ń sọ fún àwọn ẹbí pé òun lòun yọ ìyá wa kúrò lábẹ́ òrùlé tó fẹ́ wó. Bó ṣe rí gan-an nìyí.

Bàbá wa ló kọ́ ilé náà ní Yábà. Igi páìnì ló fi ṣe òrùlé rẹ̀, pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù tó bá ọkọ̀ òkun dé Apápá. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti kàn, ṣùgbọ́n òun àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1980, páànù orí yàrá ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò, igi abẹ́ rẹ̀ sì ń dúdú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú káfíńtà wá, ìyẹn ṣí síìlìn, ó gbójú sókè.

“Ikán ni.”

Ní Èkó, kò sí ohun tó jẹ igi tí wọn kì í pè ní ikán. Wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára mọ́tò kun igi náà nígbà tó ṣì tutù. Omi tí ì bá gbẹ há sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí olú pẹlẹbẹ fi hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé kan ní Sùúrùlérè. Mo gé èérún igi náà, mo fi abẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkópù. Sẹ́ẹ̀lì páìnì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò ti ara wọn bí ọwọ̀ tí a dì. Fọ́nrán olú ti gba inú wọn kọjá, láti ọ̀kan dé èkejì. Síbẹ̀ ògiri wọn ṣì dúró. Olú yìí kì í wó ògiri. Ohun tó ń fún un lágbára ló ń yọ́ jẹ, á wá fi èyí tó dà bí àtè, tó pupa rúsúrúsú, sílẹ̀. Bí ẹni fa gbogbo irin inú kọnkéré yọ, tí kọnkéré ò tíì mọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan.

“Irun ìpéǹpéjú mi ni mò ń rí.”

“Ẹ sún ojú yín sẹ́yìn díẹ̀.”

“Ẹn-ẹ́n. Ilé kéékèèké. Wọn ò kúkú wó, Tíṣà.”

“Wọn ò lágbára mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Màmá kúrò nínú yàrá yẹn.”

“Ilé ọkọ ò gbà ọ́, ilé bàbá wa lo wá fẹ́ tú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi dòní.

Mo bẹ ìyá wa fúnra mi. Ó ní, “Àkọ́bí mi ò tíì ní kí n dìde.”

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí i lọ́jọ́ Sunday, mo gbé àga síwájú rẹ̀ nínú yàrá náà, lábẹ́ ibi tí káfíńtà ti ṣí síìlìn.

“Ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín gún igi yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wojú ìyá wa. Nítorí kó lè dójú tì mí ló ṣe gùn ún. Kọ́kọ́rọ́ náà wọlé dé ìdí bí ẹni gún iṣu sísè. Igi là sí wẹ́wẹ́, bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìṣó kan sì já bọ́ sí i lọ́wọ́.

“Èmi ni mo di igi yìí mú nígbà tí Bàbá ń kàn án,” ló sọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìṣó náà sápò. Lẹ́yìn náà: “Màmá, ẹ dìde.”

Yàrá mi ni ìyá wa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n tú igi náà, ó ń rún lọ́wọ́ káfíńtà bí bisikíìtì.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ mú ìṣó kan tó ti dípẹtà jáde nínú àpótí ọkọ rẹ̀, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu láti sọ nípa ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbé e mì.