Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Sinmi Lójú Òkun

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní ìlú Osi kì í rí ẹni tó jókòó lọ́sàn-án kí wọ́n má béèrè pé, “Ṣé ara rẹ ò yá ni?” Ìdúró ni àwọn fúnra wọn ti ń jẹ iṣu, pẹ̀lú àdá lábíyá.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba wá mú wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò wọ bàálù, ni tìyá-tọmọ bá wọ ọkọ̀ òkun ńlá l'Ékòó.

Ọmọ náà ló sọ fún wa pé, lọ́jọ́ kejì, ìyá bọ́ síta, wọ́n bá àwọn òyìnbó tó nà gbalaja sórí àga nínú oòrùn. Ìyá figbe ta.

“Áà! Ṣé gbogbo wọn ni ara wọn ò yá ni?”

Ìyá ń kí wọn láti orí àga kan dé èkejì: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olúwa á wò yín sàn.”

Òyìnbó arúgbó kan rò pé àga ni ìyá ń wá. Ó dìde, ó fi tirẹ̀ lọ̀ wọ́n. Ìyá jókòó, kí aláìsàn má bàa bínú. Atẹ́gùn òkun fẹ́ sí wọn, ni wọ́n bá sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí ọmọ wá jí wọn pé oúnjẹ ti délẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n là.

“Gbé tèmi wá síbí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fa gèlè bojú.