Koríko Tí Mo Dáná Sun

Èmi ni mo dáná sun ọgbà ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pé mo ń sun pàǹtí tí iná wá fò síbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ aládùúgbò kan ló ń fi iná ṣeré. Mo mú ìṣáná nínú àpò mi, mo ṣá a, mo sì fi síbẹ̀, láàárín ọyẹ́, nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìhà Kánò wá tí ètè gbogbo ènìyàn ti là. Ẹni tí kò gbé Minna rí nínú ọyẹ́ lè má mọ bí ìwà yẹn ti gọ̀ tó. Àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń mi orí.

Ohun tó mú mi ṣe é ni pé nǹkan kan mì nínú koríko.

Kẹ́ ẹ tó bú mi tán, ẹ jẹ́ kí n sọ bí koríko ṣe dé ẹ̀yìnkùlé mi. Ní nǹkan bí ọdún 1992, Tunga Low Cost ní Minna ni mò ń gbé: iyàrá méjì, pálọ̀ kan, kànga kan, àti ilẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn tí mi ò fi ṣe nǹkan kan. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Kpakungu. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bàbá wa tó bá iṣẹ́ réluwéè dé ìlú náà láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìyẹn ti tó fún ẹni tí kò ní di mánẹ́jà. Ìyàwó mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀, kì í ṣe ejò ló lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, wá bá mi gbé lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbá a ní Kpakungu. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, àmọ́ kò jinná dáadáa. Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ro oko kò wá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò lè gbé ọkọ́. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àyíká rẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Kò pé oṣù kan tí ọmọ náà fi dé, ó gbé báàgì Ghana-must-go méjì dání lófìfo.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Lọ ṣe kí ni?”

“Ẹ lọ sinmi. Ẹ lọ jókòó.”

“Èyí tí mo jókòó sí yìí ńkọ́?”

Ọmọ náà kọjú sí mi. “Ọ́ńkù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.”

Mo wo òkè àjà. Mi ò lè ní kó lọ, mi ò sì lè ní kó dúró. Ìwà mi nìyẹn láti kékeré.

Àdéhùn tí wọ́n wá ṣe kò le. Ọmọ ní òun á máa wá ní gbogbo ọdún tuntun. Ọjọ́ tí òun bá dé tí òun rí i pé ẹnu Ọ́ńkù ni Màmá ń wò kó tó jẹun, ọjọ́ náà làwọn jọ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Nígbà tí ọmọ ti padà, ó sọ fún mi lórí àga pé, “Tí mo bá dé ọ̀hún, ọdún kìíní, àlejò ni wọ́n máa pè mí. Ọdún kejì, mo ti di ẹrù.” Kò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ mọ́ fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, obìnrin Gwari tí oko wọn ti jọ pààlà rí, ló gbé koríko wá. Àdúgbò Keteren Gwari ló ń gbé. Lásìkò yẹn wọ́n ń ṣí koríko kúrò lórí ilé níbẹ̀, wọ́n ń fi páànù bò ó, koríko àtijọ́ sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Obìnrin yìí á dì í ní ìdì, á gbé e lé èjìká bí àwọn obìnrin Gwari ṣe ń gbé ẹrù, á rìn wá sí Tunga. Ìdì kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, títí ẹ̀yìnkùlé mi fi dà bí ibi tí òrùlé já lulẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá tẹ́ ẹ. Kò ro ilẹ̀, kò kọ ebè. Ó kàn bo èpò tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bo ẹni tó ń sùn, ó nípọn dé orúnkún.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo ní, “koríko la máa ń ro kúrò lóko. Ẹ̀yin ń kó o wọlé.”

“Ṣé bàbá wa kì í fi koríko dé ebè iṣu lórí ni?”

“Orí ebè ni wọ́n ń dé. Wọn kì í dé gbogbo oko ní fìlà.”

“Ìbàdí bàbá wa ò kán.”

Mo ní àwọn ará àdúgbò á pè é ní oko ọ̀lẹ. Ó ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀, òun ti ṣe aláápọn fún ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kadà ò sì bèèrè kó tó gbá òun.

Ojú ló ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ tí kò bá mọ́ kì í ṣe ilẹ̀ ọmọlúàbí. Ìyá wa máa ń gbá àyíká ilé títí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ á fi hàn lórí rẹ̀. Ibi tí koríko bá wà, ejò wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lé ejò, iná ló ń fi lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Títí dòní, mo máa ń gbọn bàtà mi kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àní bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́.

Mo retí pé ọgbà náà á kùnà. Kò kùnà. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ gbin nǹkan, á jókòó, á fi ọwọ́ ya koríko náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á fi ìka ti kóró bọ ilẹ̀. Tó bá ti hù, á fa koríko mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ padà. Ó parí. Èpò tó bá fẹ́ yọjú kò rí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kò sí èpò ríro. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ Minna ń là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré ni mò ń bá a fa omi kànga. Wọ́n ní tèèyàn bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko náà, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Wọ́n ní ni mo sọ. Èmi ò ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Àgbàdo tèmi tí mo fi ọkọ́ ro, tí mo kọ ebè fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, gbẹ kó tó yọmọ.

Ó ní tòmátò, ata, ilá, àlùbọ́sà, àti yàkùwá, ewé kíkan tí àwọn Hausa ń jẹ. Ìbẹ́pẹ mẹ́ta wà lẹ́bàá ògiri. Láàárín ni igi ọsàn kan wà, tó gbìn láti inú kóró. Àwọn ará àdúgbò tó pè é ní oko ọ̀lẹ ń gbé abọ́ wá rajà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, ọmọ rẹ̀ ń gbé báàgì òfìfo méjì dé láti Ìlọrin, ata àti tòmátò ló sì ń kún wọn padà lọ. Èmi náà jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnu mi ò bẹ̀rù ejò.

Ẹsẹ̀ mi ló ń bẹ̀rù. Tó bá rán mi lọ já ata, mo máa wọ bàtà òjò nínú oòrùn, mo máa mú igi gígùn kan, mo máa fi lu ilẹ̀ gbàgà-gbàgà, mo sì máa kọ orin ìjọ Bàtíìsì sókè kí ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé ọmọ Ọlọ́run ń bọ̀.

“Pásítọ̀,” ẹ̀gbọ́n mi á pè láti ojú fèrèsé, “ata mẹ́ta ni mo rán ọ. Mi ò ní kó o ṣe ìsọjí.”

Ọdún kẹfà ni ọsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Mọ́kànlá péré. Ó máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ bí ẹni ń ka ọmọ iléèwé. Ó ní ọmọ òun máa jẹ ẹ́ tó bá dé fún ọdún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn ọdún yẹn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí. Kò sí nǹkan tó ṣe inú mi. Nígbà tó yá, ìbẹ́pẹ wọ̀ mí lójú, mo wọ sílípáàsì mi, mo wọ inú ọgbà. N kò mú igi, n kò kọrin. Mo ti na ọwọ́ sí ìbẹ́pẹ náà nígbà tí koríko gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí nǹkan kan sì sáré gba abẹ́ rẹ̀ lọ síbi ọsàn, bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí ẹnu kànga. Mo kàn bá ara mi níbẹ̀ ni, pẹ̀lú sílípáàsì ẹsẹ̀ kan. Mo dúró síbẹ̀ bí òbúkọ tí omi ká mọ́. Ìṣáná wà nínú àpò mi nítorí sìgá. Mo ní kí n kan sun igun kékeré kan, kí èéfín lé e jáde, kí n rí i, kí ọkàn mi balẹ̀. Igun kékeré ni mo pinnu.

Iná ò gbọ́ èdè igun kékeré. Ó dún bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ ọsàn kí n tó ju korobá sínú kànga. Korobá mẹ́ta ni mo fà. Ìkẹta, mo kàn dà á sílẹ̀ ni, nítorí kò sí ohun tí mo fẹ́ dà á lé lórí mọ́.

Obìnrin Gwari náà ló kọ́kọ́ dé, ìdì koríko tuntun wà léjìká rẹ̀. Ó bi mí ní Hausa pé kí ni mo ṣe. Mo ní, “Maciji.” Ejò.

Ó wo eérú náà kiri. “Ina macijin?” Ejò náà dà?

Mo fi igi tú eérú. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ni mo rí, àti eku méjì. Ó gbé ìdì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ewé ọsàn ti ká kò, èso rẹ̀ ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó já ọ̀kan, ó ṣì gbóná, ó fi sínú báàgì Bíbélì rẹ̀.

“Ṣé iná jó ọ?”

“Rárá.”

“Ó dáa.”

Ìbá sàn kó bú mi ni.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ rẹ̀ dé. Ó bá wa níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀wà àti gààrí tí mo rà ní Kpakungu. Ó wo abọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá.

“Ta ló sun ún?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Iná ló sun ún.”

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n lanu. Ó yẹ kí n ní èmi ni, kí n ní kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́rin péré, òjò á rọ̀, koríko mìíràn á dé, èmi ni mo jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ náà, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo wo òkè àjà. Kò sí ejò kankan nínú pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí mo ti gbé sórí èjìká rí ni mò ń bẹ̀rù. Lọ́dún yẹn, aṣọ ló kún báàgì méjèèjì padà sí Ìlọrin.

Ilẹ̀ náà wà lásán fún ọdún márùn-ún. Ó mọ́ dáadáa, ipa ẹsẹ̀ adìyẹ ń hàn lórí rẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká ti ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù, mo lọ bá obìnrin Gwari náà pé mo fẹ́ koríko. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Haba, malam.” Áà, ọ̀gbẹ́ni. Ó ṣì gbé e wá. Mo gé igi gígùn kan, mo fi í tẹ́ koríko náà, mo fi í yà á, mo fi í ti kóró bọ ilẹ̀. Tòmátò so. Mo di agbọ̀n kan, mo wọ mọ́tò Ìlọrin.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó ń wo àwọn páànù ilé onílé. Agolo mílíìkì kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, àlùbọ́sà kan hù nínú rẹ̀. Ó ti gé ọwọ̀ wẹ́wẹ́, ó fi bo ìdí àlùbọ́sà náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tún un bò. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.”

Ó mú tòmátò kan, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ọwọ́ lo fi gbìn ín?”

“Igi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, mo wá fi kún un pé, “Òmùgọ̀ ni mí. Eku lásán ló lé mi gun kànga.”

“Ejò ni,” ó ní. “Dúdú, kò gùn ju apá mi lọ. Ọdún méjì ló fi gbé ìdí ọsàn yẹn, ó ń bá mi jẹ eku. Tí mo bá fẹ́ gbin nǹkan, mo máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀, á sún, èmi náà á ṣe tèmi.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

“Mo mọ̀ ọ́.”

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan ìṣáná mọ́, mo ti fi sìgá sílẹ̀, iyàrá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó dá tòmátò náà padà sínú agbọ̀n, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

“Ejò bá mi gbé, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àbúrò mi, ìwọ ni mi ò lè bá gbé mọ́.”