Gáàsì Tí Mo Rọ Kí N Tó Gba Fírídọ̀mù

Èmi ni mo kánjú. Ọ̀gá mi kò ṣẹ̀ mí. Ó ku ọdún kan kí n gba fírídọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì tí mo ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo lọ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí géètì Yunifásítì. Èrò mi ni pé owó tó ń wọ àpò ọ̀gá yóò máa wọ tèmi.

Fáànù àti áyọ́ọ̀nù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá. Ẹni tó bá ní fírísà ńlá, ògiri mi ló kọ́kọ́ ń wò. Fọ́tò ọjọ́ fírídọ̀mù ló ń wá, níbi tí ọ̀gá ti gbọ́wọ́ lé ọmọṣẹ́ lórí. Kò ní rí i. "Bùrọ̀dá, mà á padà wá." Kì í padà wá.

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín n'Ílódè. Oníbàárà ọ̀gá mi ni, kò mọ̀ pé mo ti kúrò.

"Fírísà mi ò mú mọ́ o. Sọ fún ọ̀gá rẹ."

N kò sọ. Èmi nìkan ni mo lọ, mo ní ọ̀gá ló rán mi.

Ọ̀gá kì í rọ gáàsì láìkọ́kọ́ fi ọṣẹ pa gbogbo páìpù. Ibi tó bá ń jò yóò máa hó. Mo fo ìyẹn. Mo rọ gáàsì, fírísà mú, mo gbowó.

Lọ́jọ́ kejì tí mo kọjá níbẹ̀, omi ẹja ti ń ṣàn nílẹ̀. Ìyá náà gbá ṣẹ́ẹ̀tì mi mú.

"O ò lọ síbì kankan! Mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ. Owó àjọ ni mo fi ra ẹja yìí. Tó bá fi lè bàjẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni èmi àti ìwọ ń lọ!"

Aláta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ẹ fún un ní abẹ̀bẹ̀, kó máa fẹ́ ẹ sí i."

Ọ̀gá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Kò wo ojú mi.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ rán ọmọ yìí?"

Ọ̀gá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni, ìyá. Ẹ má bínú, àṣìṣe mi ni."

Ó po ọṣẹ. Páìpù hó lẹ́yìn. Ó jó ojú ibẹ̀ pa, ó rọ gáàsì, kò gba kọ́bọ̀. Ẹja yọ́ díẹ̀, kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò pè é mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn ẹlẹ́ja yòókù náà sì pa dà lẹ́yìn rẹ̀.

Gbólóhùn kan ni ọ̀gá bá mi sọ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà: "Ọdún tó kù ṣì ń dúró dè ọ́."

Mo padà, mo sìn ín tán. Fọ́tò wa wà lára ògiri mi báyìí, iṣẹ́ fírísà sì ń wọlé dáadáa. Ìyá ẹlẹ́ja náà gan-an ti di oníbàárà mi. "Ìwọ yìí mọṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ lọ," ló máa ń wí. Èmi á ki orí bọ inú fírísà bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo jẹ ọ̀gá mi, pé òun kọ́ ló rán mi. N kò tíì sọ ọ́ fún ìyá náà.