Obì Tí Mo Pa Nínú Fíìmù

Kí fíìmù yẹn tó jáde, bàbá rere ni gbogbo Bantè àti Savalou, ní ilẹ̀ Benin níbí, mọ̀ mí sí. Eré orí rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán èmi àti obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ méjì lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn káàkiri. Obìnrin yẹn kì í ṣe ìyàwó mi, àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ mi. Síbẹ̀ àwọn ìyá arúgbó a máa dá mi dúró lọ́jà Savalou pé kí n bá àwọn kí ìyàwó. Mo máa ń ní yóò gbọ́. Ta ni yóò máa bá wọn jiyàn? Wọ́n ń fi ènì kún gàrí mi.

Nígbà náà ni iléeṣẹ́ kan dé láti òkè òkun. Àwọn ni wọ́n ń ṣe fíìmù akọni, irú èyí tí èèyàn ń fò lójú ọ̀run, tí apá kan bá sì tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ ti ya apá tuntun. Wọ́n fi mí ṣe alágbẹ̀dẹ kan tí iná kì í jó. Ẹni tí alágbẹ̀dẹ náà fẹ́ràn, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni. Èmi ní tèmi, obìnrin ni mo fẹ́, ọmọ Lougba kan tó ń ṣe olùkọ́. A ti ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo gbé ìwé eré náà fún un, ó kà á dé òpin, ó ní, "Èèyàn dáadáa lẹni yìí. Ṣe é." Mo sì ṣe é.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí èmi àti ọkùnrin yẹn ti jọ pa obì bíi tọkọtaya níwájú àwọn àgbà. Olùdarí fẹ́ àgbà tó jọ àgbà, ló bá lọ kó àwọn olórí ẹbí gidi wá láti Djaloukou, wọ́n wọ aṣọ tiwọn. Obì náà, obì gidi ni. A pa á, a jẹ ẹ́, àwọn àgbà ṣàdúrà bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe é, kálukú lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Díẹ̀ nínú fíìmù náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ibi obì yẹn gan-an sì ni. Láti orí fóònù pọ́tábù ẹnì kan dé ti ẹlòmíràn, ó tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi ìṣó họ ojú mi kúrò lára àwòrán nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní Bantè. Wọ́n fi ojú obìnrin yẹn sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fún mi ní ènì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tí mo bá ń bọ̀. Inú bí mi débi pé mo dúró níwájú ògiri náà, mo ń bú ògiri.

Iléeṣẹ́ fíìmù pè mí láti Cotonou pé kí n má fọhùn, àwọn ń kọ ohun tí màá sọ. Ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní kí n sọ pé ebi ló mú mi ṣe é. Gbogbo ayé ń kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, bí ẹni pé ẹnu eré la ṣì wà. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ sì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ará ilé rẹ̀ má bàa gbọ́: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ẹni inú fíìmù yẹn." Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ àna mi fi pé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ọmọ. Kì í ṣe ebè ni wọ́n ń wò níbẹ̀, àwọn tó bá ọ wá ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá dá wá, kò lẹ́ni tó lè dúró fún un nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Akpassi ti ṣèlérí. Nígbà tó ku ọ̀la, ẹ̀yìn ń dun ẹnì kan, ìyá ẹnì kan ń ṣàìsàn, alùpùpù ẹlòmíràn bàjẹ́. Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mo gun zémidjan lọ sí Lougba, èmi àti ọkọ́ mi. Ẹni tó gbé mi ń wò mí nínú dígí alùpùpù rẹ̀ títí a fi dé.

Wọ́n ti wà lóko: bàbá ìyàwó mi, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò bàbá. Àfẹ́sọ́nà mi dúró ti ìyá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì. Bàbá wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnì kankan.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

Kò ní kí n dìde. Nígbà tó pẹ́, mo dìde fúnra mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, torí n kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, kò sẹ́ni tó fún mi lómi. Oòrùn ti gòkè kí bàbá tó wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

"N kò ní bá ọ jà," ó ní. "Wọ́n ní eré ni. Mo mọ eré. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, òun ló gbé obì fún èmi àti ìyá ọmọ yìí lọ́jọ́ tiwa. Ó gbé obì fún ìwọ náà, o jẹ ẹ́. Ó ti so yín pọ̀. Ṣé kí n wá fi ọmọ mi fún ẹni tó ti lọ́kọ?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń rẹ́rìn-ín. Lójú wọn, tí àgbà yẹn bá ti ṣàdúrà sí obì, kò sí kámẹ́rà tó lè tú u.

"Kí wá ni ṣíṣe, Bàbá?"

Ó na obì kan sí mi. "Jù ú sílẹ̀ níwájú wa. Tutọ́ lé e. Sọ pé o kọ ọkùnrin yẹn, pé ohun ìríra ni. Ó parí nìyẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò ní yẹ̀."

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ẹni tí màá bú kò sí láyé, orí ìwé la ti rí i. Mo gba obì náà. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ọwọ́ mi ti ń lọ sílẹ̀. Ohùn inú pọ́tábù yẹn ni kò jẹ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá tutọ́, kò ní ba ẹni orí ìwé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀ ni yóò bà.

"Bàbá, èmi kọ́ lẹni yẹn," mo ní. "Ọmọ yín ni mo fẹ́. Mo lè lọ sí Djaloukou lónìí, kí n dá obì padà fún àgbà tó gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n n kò ní tutọ́ sí ọkùnrin yẹn lára."

"Nítorí kí ni?"

"Kò ṣẹ̀ mí."

Àbúrò bàbá kan pòṣé. Bàbá ju ọkọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rò pé ó tán. Ìyá náà ló wá súnmọ́ mi.

"Ọkùnrin inú fíìmù yẹn, ṣé wọ́n pa á níkẹyìn?"

"Rárá, Ìyá. Wọ́n lé e nílé ni. Ó padà wá."

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin."

Ó jókòó lórí ebè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ebè náà sì wó. "Ilẹ̀kùn tiwa, èmi ni mo tì í," ó ní. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, bàbá wọn, lọ́jọ́ tí a lé àbúrò mi ọkùnrin nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń kanlẹ̀kùn, a ń jẹun. Ẹ fún ọmọ yìí lọ́kọ́ rẹ̀."

Bàbá lọ gbé ọkọ́ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, kò wò mí lójú.

Mo lọ dá obì padà ní Djaloukou, a sì ṣe ìgbéyàwó náà. Àwọn kan wá, àwọn kan kò wá. Ṣáájú rẹ̀, ìyá ìyàwó mi ránṣẹ́ sí Abidjan, níbi tí wọ́n gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ ń gbé, pé kó wá jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn àna. Ó gbá yàrá kan dè é. Onílé tí àbúrò náà gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní àbúrò náà ti kú, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sin ín. A bi í pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa. Ó ní ọkùnrin náà ti sọ fún àwọn pé òun kò ní ẹbí.