Ẹkùn Tí Ń Fìdí Wọ́

Ó ku bí ọdún mẹ́rin kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́ sí ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un ní kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e, ìdí ló fi ń wọ́ rìn. Ọsibítù míṣọ̀n ni wọ́n ní kó máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ará Ọ̀yọ́ la sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọ agboolé máa ń ṣe ẹkùn mẹ́ran. A ó di ara wa lọ́wọ́ mú yípo, ẹnì kan a di ewúrẹ́ láàárín, ẹnì kan a di ẹkùn lóde, ẹkùn a sì máa wá ibi tó máa gbà wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ní kí Ará Ọ̀yọ́ máa ṣọ́ bàtà wa. Ó kọ̀. A wá fi í ṣe ẹkùn. Kí la ṣe? A tú ọwọ́ ká, a ṣí àyè sílẹ̀ fún un gbayawu. Èmi ewúrẹ́ dúró sójú kan, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, títí ó fi wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi tó dì mí lẹ́sẹ̀ mú. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó bu yẹ̀pẹ̀, ó dà á sí mi lára. "Ẹkùn wo ló ń jẹ òkú ewúrẹ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi ṣeré, ẹ bá mi ṣeré!" Ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde, ìdí ni kí kálukú máa fi wọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó máa ń gbapò kìíní nínú eré ìje nílé ìwé kò tíì wọ́ jìnnà tó ti ń mí hẹlẹ. Ṣòkòtò kákí rẹ̀ ya. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló ṣe yín?"

Ará Ọ̀yọ́ dá wọn lóhùn: "Ajíṣebí-Ọ̀yọ́ là á rí, Ìyá àgbà, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkankan!"

Ó tún kàn mí láti ṣe ewúrẹ́, òun sì ni ẹkùn. Lọ́tẹ̀ yìí mo sá tọkàntọkàn. Ó já wọlé lábẹ́ apá ẹnì kan, ó sì gbá mi mú kí n tó ṣẹ́jú. Inú bí mi. Mo ní ó rẹ́ mi jẹ, mo ní ó dìde.

"Mo dìde? Ẹsẹ̀ wo ni mo fi dìde?"

Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tì í, ó tì mí padà, a wọ̀yá ìjà, a ń yí nínú yẹ̀pẹ̀. Ìyá mi sáré jáde, wọ́n fún mi ní pàṣán méjì. "Ọmọ tí ara rẹ̀ ò le lò ń bá jà?"

Ará Ọ̀yọ́ na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú. "Ẹ na èmi náà, Màmá. Àwa méjèèjì la jọ jà."

Ìyá mi fún òun náà ní pàṣán méjì. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n nà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.