Ọmọ Tó Lo Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Lọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀

Ẹ bá mi bẹ Màámi, wọn ò fẹ́ kí n yege!

Ìdánwò Òyìnbó tí mo fẹ́ fi lọ sókè òkun ni. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sí ọ létí, wọ́n á wá bi ọ́ léèrè ohun tó o gbọ́. Láàárọ̀ yìí, mo tan fóònù sílẹ̀ láti fi gbára dì nílé wa nílùú Ìṣẹ́ níbí. Màámi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó tì mí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

Ọkùnrin inú fóònù lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó mu tíì, ó sọ̀rọ̀ òjò, ó lọ.

Ìbéèrè kìíní: báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀?

Mo ṣì ń ronú, Màámi ti pariwo: "Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ṣé iná ń jó ulé ẹ̀ ni?"

"Mà, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìkejì."

"Kò jẹun, kò mú uṣu kan ṣoṣo wá, ìyá ẹ̀ wá ń dúpẹ́! Tún un tẹ̀, bóyá ó gbé nǹkan wá tí mi ò gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un tẹ̀. Kò gbé nǹkan kan wá.

Nínú ìbéèrè mẹ́wàá, mẹ́rin ni mo gbà. Màámi gba gbogbo ẹ̀, ọwọ́ wọn ò sì kúrò nínú ẹ̀gúsí.

Wọ́n wá wò mí: "Ìwọ tó o fẹ́ lọ bá àwọn Òyìnbó, ìṣẹ́jú mélòó lo máa máa wá lò lọ́dọ̀ tèmi?"

Ìyẹn ò sí nínú ìdánwò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ìgbà tẹ́ ẹ wálé kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mélòó lẹ lò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má purọ́. Ọwọ́ Màámi ni fóònù wà.