Ìyá Aránṣọ Tó Ń Dúró De Ọ̀rọ̀ Mi

"Ẹ má bá a sọ ọ́!"

Bí Màmá ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì ìránṣọ wọn, gbogbo yàrá sì pa lọ́lọ́. Ìwé kíkà mi wà lórí itan mi, ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́fun, àwọn ọmọ tá a jọ jókòó lórí ẹní sì ti lanu láti bá mi parí rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀," ni Màmá wí. "Ta ló ń lé wa?" Wọ́n gbọ́wọ́ lé aṣọ funfun tó wà níwájú wọn, wọ́n ń retí mi bí ẹni ń retí omi tó fẹ́ hó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, maṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: gìrì-gìrì-gìrì.

Màmá kì í ṣe ìyá mi o. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Ajah. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, sùtánà àwọn ará ìjọ náà ni wọ́n sì ń rán jẹun. Ìyá mi ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Igbó Ẹfọ̀n, kì í tètè dé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni mo máa ń gbà lọ bí ilé ìwé bá ti jáde, èmi àti ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn. Yàrá yẹn ń run òróró maṣíìnì, sítáàṣì àti àbẹ́là. Kí o tó wọlé, wàá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wàá sì fọ ọwọ́ méjèèjì mọ́ tónítóní, torí aṣọ funfun kì í fojú fo ìdọ̀tí. Bàtà tó já àti bàtà olówó gọbọi jọ ń gba oòrùn níta ni. Ọmọ Àáfà àdúgbò wa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ní bí mọ́ṣáláṣí àwọn ló ṣe rí. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà la jọ ń tẹ̀."

Wọn ò nà wá rí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni yóò fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa abẹ́rẹ́ tó jábọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì dùn débi pé a máa ń jìjàdù ta ni yóò jẹ̀bi.

Àtikékeré ni mo ti ń kólòlò. Nílé ìwé, bí ìwé kíkà bá ti kàn mí, Àǹtí wa á ní, "Sit down, my dear, kò sí time." Àánú ló ń ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àánú yẹn ń dùn mí ju pàṣán lọ. Díẹ̀díẹ̀, mo dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé pàápàá, orí ni mò ń mì. Ẹ̀rù ba ìyá mi gan-an, ó ń bẹ̀rù pé ohùn mi fẹ́ lọ pátápátá.

Nígbà tí ayẹyẹ ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì wa sọ gbólóhùn kan fi kí àwọn òbí. Wọ́n gba tèmi, wọ́n fún ẹlòmíràn. Ọmọ Àáfà ló tú àṣírí náà fún Màmá. Màmá wọ sùtánà wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a sì forí lé ilé ìwé. Bí ìjọ wọn ṣe ń ṣe, wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán ń mú títì gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan àgbàdo.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀."

"Mama, èrò máa pọ̀ o. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. I just dey try protect am."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ sáà jẹ́ ká dúró dè é."

Àǹtí wo ẹsẹ̀ wọn tí eruku bò, ó wo èmi náà. "Ó dáa, Mama."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ há, bó ṣe máa ń há. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ orí ẹní wa dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́ nínú wọn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sì ran gbogbo gbọ̀ngàn. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òbí wa." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ń sunkún. Màmá kàn gbé orí sókè, wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì bíi pé àwọn ló bí mi.

Màmá ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa báyìí. Èmi náà ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń fi wọ́n yangàn níbikíbi. Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ wa ní kí kálukú ṣàpèjúwe kíláàsì tó máa wù ú fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń dárúkọ ẹ̀rọ amúlétutù àti kọ̀ǹpútà. Mi ò bú wọn, ooru Ajah kì í ṣeré. Nígbà tó kàn mí, mo ní bàtà á wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ìfọwọ́ á wà, ẹní ńlá á wà nílẹ̀ tá a ó jọ máa ka ìwé, kò sì sí ọmọ tí a ó fò. Ó gbà mí lákòókò kí n tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ìwọ tó ń kólòlò, how you wan take teach?"

Mo lanu láti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ há. Ó dúró. Olùkọ́ wa dúró. Gbogbo kíláàsì dúró, wọ́n kọjú sí mi, ẹnikẹ́ni ò mira.

Mo ní, "Bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi yìí náà ni."